Ọ̀rọ̀ Ìgboro Nínú Ìwé Ìròyìn Ayé Òyìnbó

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìgboro tí àwọn ìwé ìròyìn ayé ìjọba òyìnbó kọ sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ohun tí mo ń pè ní ọ̀rọ̀ ìgboro ni ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kò kọ́ ẹnikẹ́ni, tí kò sí nínú ìwé àdúrà, tí ó kàn bọ́ sẹ́nu ọlọ́jà, awakọ̀, ọmọ iṣẹ́ àti ọmọ ìta, tí gbogbo ìlú sì gbà á lò. Kì í ṣe ẹnà ni mo ń wí. Àwọn tí ń fọ ẹnà kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìgboro ń wá ẹni tí yóò gbọ́ ọ kiri ni. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ ìgboro tí ó wà nínú àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ jẹ́ ẹ̀rí ìtàn tó lágbára, ṣùgbọ́n kò ní yé wa bí a kò bá kọ́kọ́ bèèrè èdè tí ìwé ìròyìn náà fi ń kọ̀wé, àti ẹni tí olóòtú rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń mú ọ̀rọ̀ ìgboro wọlé bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá mú afurasí wá síwájú adájọ́. Ìwé ìròyìn Yorùbá ni ó jẹ́ kí ó sọ tẹnu rẹ̀.

Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend, àlùfáà ìjọ CMS, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni ẹ̀dà kan. Ìwé ìjọ ni ní ìpìlẹ̀, ọ̀rọ̀ ìjọ, ọ̀rọ̀ òwò àti ọ̀rọ̀ ogun ni ó kún inú rẹ̀, èdè tí a sì fi kọ ọ́ ni èdè tí àwọn oníwàásù àti àwọn olùtumọ̀ Bíbélì ń tún ṣe lọ́wọ́ nígbà náà, èdè tí wọ́n fẹ́ kí ẹni tó ń kọ́ ìwé kíkà fi ṣe àwòkọ́ṣe. Àyè ọ̀rọ̀ ìgboro kò tóbi nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí rògbòdìyàn tí a ń pè ní Ifọ́lé lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1867, ìwé náà parí síbẹ̀, Èkó ni iṣẹ́ ìwé ìròyìn sì wá fìdí kalẹ̀ sí. Lagos Times dé ní 1880, Lagos Observer ní 1882, Lagos Weekly Record ti John Payne Jackson ní 1891, Lagos Standard ní 1894. Ẹ tún àwọn orúkọ wọ̀nyẹn gbọ́. Orúkọ tí wọ́n ń sọ ìwé ìròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Ènìyàn dúdú ni àwọn tó ni wọ́n, Sàró, àwọn tí ó padà wá láti Sierra Leone, ló pọ̀ jù nínú wọn, Jackson ní tirẹ̀ wá láti Làìbéríà. Wọn kì í ṣe ẹrú òyìnbó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bá gómìnà jà títí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń bá jà ni wọ́n ń kọ̀wé sí. Wọ́n fẹ́ kí àwọn aláṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù gbà pé ọmọ Èkó tó ẹni tí a ń bá gbèrò, nítorí náà wọ́n wọ aṣọ ìmúròde fún èdè wọn kí wọ́n tó jáde. Ọ̀rọ̀ ìgboro jẹ́ ohun tí ó lè dójú tì wọ́n lójú àlejò tí wọ́n ń retí.

Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láti 1922. Ní ọdún náà ni Adéoyè Dẹ́nígà dá Èkó Àkéte sílẹ̀. Ní 1923, E. A. Akintan gbé Elétí Ọfẹ jáde. Ní 1924, D. A. Ọbasá bẹ̀rẹ̀ Yorùbá News ní Ìbàdàn, ó sì ń tẹ ewì sínú rẹ̀. Ní 1928, Isaac Babalọlá Thomas, ẹni tí ó ti ṣe olùkọ́ tẹ́lẹ̀, dá Akéde Èkó sílẹ̀. Ẹ tún fi etí sí orúkọ. Èkó Àkéte jẹ́ oríkì ìlú. Elétí ọfẹ ni ẹni tí etí rẹ̀ ń gbọ́ kíá, tí ọ̀rọ̀ àdúgbò kì í kọjá lára rẹ̀. Akéde ni ẹni tí ń lu agogo kiri ìlú láti jẹ́ iṣẹ́ tí ọba rán an. Láti ojú orúkọ ni àwọn olóòtú wọ̀nyí ti sọ ibi tí wọ́n dúró sí: àárín àwọn tó ń gbọ́, tó ń sọ, tó ń tún un sọ. Ẹni kan a ra ìwé ìròyìn, yóò sì kà á sétí ìyàwó, ọmọ iṣẹ́ àti aládùúgbò tí kò mọ̀wé, nítorí náà etí ni àwọn olóòtú ń kọ̀wé fún, ó sì ṣòro kí èdè ìwé jọba lórí ohun tí a kọ fún etí. Òfin pẹ̀lú ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Láti 1903 ni ìjọba ti ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn ní Èkó fi £250 ṣe ìdúró, ní 1909 ó tún ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ tí ó lè dá ọ̀tẹ̀ sílẹ̀. Herbert Macaulay fúnra rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n ní 1928 lórí ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ kan tí Lagos Daily News, ìwé ìròyìn tirẹ̀, tẹ̀ jáde, pé àwọn kan ń gbèrò láti pa Eṣugbayì Elékòó, ọba Èkó tí ìjọba ti yọ lóyè, tí wọ́n sì lé kúrò nílùú. Ohun tí a kọ ní Gẹ̀ẹ́sì gaara, agbẹjọ́rò ìjọba lè gbé e kalẹ̀ kó sì tọ́ka sí i. Òwe, ìnagijẹ àti ọ̀rọ̀ ìgboro kì í rọrùn bẹ́ẹ̀ láti di mú, nítorí pé ìtumọ̀ wọn wà lọ́wọ́ ẹni tó gbọ́ ju ọwọ́ ẹni tó sọ lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ibi tí ohùn ìgboro Èkó ti dún jù lórí ìwé, Akéde Èkó ni kí ó lọ, kí ó sì ka àwọn lẹ́tà tí ó jáde nínú rẹ̀ láti oṣù keje 1929 títí di oṣù kẹta 1930. Lẹ́tà obìnrin kan ni a pè wọ́n, ẹni tí ó ti fi ayé rẹ̀ jẹ̀gbádùn lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ọkùnrin, tí àìsàn sì ti dá a gúnlẹ̀, tí ó wá ń jẹ́wọ́ kí ó tó kú. Thomas ni ó kọ gbogbo rẹ̀. Ó di ìwé ní 1930, Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, ọdún mẹ́jọ kí Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà tó jáde. Ní 2012 ni ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber tún un tẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ àti àlàyé. Ohun tí ó kan ọ̀rọ̀ wa nínú rẹ̀ nìyí. Thomas fẹ́ kí òǹkàwé gbà pé obìnrin kan wà lóòótọ́ tí ń kọ lẹ́tà wọ̀nyẹn. Bí èdè rẹ̀ bá dún bí èdè olùkọ́ tàbí ti àlùfáà, àṣírí yóò tú láti ọ̀sẹ̀ kìíní, nítorí àwọn tí ń kà á mọ bí obìnrin Èkó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìyàwó wọn ni, ìyá wọn ni, aládùúgbò wọn ni. Ó di dandan fún un kí ó da orin tí ìlú ń kọ, ìnagijẹ tí ọkùnrin fi ń pọ́n obìnrin, ẹ̀bẹ̀, èébú, ẹsẹ Bíbélì àti àjákù Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ bí wọ́n ṣe ń dà pọ̀ lẹ́nu ọmọ Èkó. Irọ́ ni ìtàn náà, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé tí wọ́n gbà á gbọ́ jẹ́ ẹlẹ́rìí pé èdè rẹ̀ kì í ṣe irọ́. N kò mọ irú ẹ̀rí tí ó tún lágbára ju èyí lọ nípa bí a ti ń sọ̀rọ̀ ní ìlú kan kí ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ tó dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn.

Ìmọ̀ tí ọ̀rọ̀ ìgboro ń fún wa kò dúró lórí bí àwọn ará ìlú ṣe ń sọ̀rọ̀ nìkan, ó ń sọ ohun tí wọ́n rí. Ẹ wo wolé-wolé. Ìjọba ní orúkọ tirẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tí ìlú ń pè bẹ́ẹ̀, orúkọ tí ó sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni ìmọ́tótó. Ìlú kò pè é ní oní-ìmọ́tótó. Ohun tí ìlú rí ni ọkùnrin kan tí ń wọ inú ilé onílé láìjẹ́ pé a pè é, tí ń yọjú wo ìkòkò omi àti ẹ̀yìnkùlé, tí ìwé kóòtù sì ń tẹ̀lé e. Ní 1924 àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, kò sì tán títí di nǹkan bí 1930. Ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928 fún títún ìlú ṣe, wọ́n sì ń wó ilé. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wolé-wolé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìdájọ́ ni. Onímọ̀ ìtàn tí ó bá ka ìwé ìjọba nìkan yóò rí iye ilé tí a wó àti iye oògùn tí a fín. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe rí lára ẹni tí a yọjú wo inú yàrá rẹ̀, inú orúkọ tí ó sọ olùyọjú ni yóò ti rí i. Bákan náà ni ọlọ́pàá. Àṣẹ ni ìjọba sọ pé ó gbé dání. Ọ̀pá ni ìlú rí lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ tí ìlú sọ ọ́ ni ó sì borí, tó fi jẹ́ pé lónìí kò sí ẹni tí ó ń rò ó mọ́ pé ọ̀rọ̀ ìgboro ni nígbà kan.

Lúkúlúkú pẹ̀lú wà níbẹ̀. Àrùn tí ń pa adìyẹ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ọdún 1918 ti inú ọkọ̀ òkun sọ̀ kalẹ̀ sí Èkó, tí ó sì bá ojú irin wọ àárín ilẹ̀, àwọn ènìyàn kò dúró de orúkọ tí dókítà yóò sọ ọ́. Wọ́n rí bí ó ti ń pa ènìyàn, wọ́n rántí bí adìyẹ ti ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín agbo, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí ó bá ohun tí wọ́n rí mu. Ọ̀rọ̀ kan yìí sọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù àti àìlólùgbèjà ọdún náà ju ọ̀pọ̀ ojú ewé ìròyìn ìṣègùn lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a kọjá sọ́dọ̀ àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1930 sí 1949. Ayé wọn ti yí padà. Daily Times ti wà láti 1926, West African Pilot ti Nnamdi Azikiwe dé ní 1937, Daily Service tẹ̀lé e ní 1938. Wọ́n ń ta ju ti àtijọ́ lọ, wọ́n sì ń kọ nípa ìgboro lójoojúmọ́. Inú wọn ni ẹni tí ó bá wá jàgùdà yóò ti rí i, orúkọ àwọn jáwójáwó tí ń rìn ní ẹgbẹ́ ní ọjà àti ní ibùdókọ̀ ojú irin, pàápàá ní Ìbàdàn. Inú wọn náà ni bóòmà wà, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ọ̀dọ́ tí ń mú atukọ̀ òkun àti ọmọ ogun lọ sílé aṣẹ́wó ní Èkó nígbà ogun àgbáyé kejì. Kí ni ìwé ìròyìn ṣe sí ọ̀rọ̀ méjèèjì? Ó fi wọ́n sínú àmì àyọlò, ó so wọ́n mọ́ ẹjọ́ kóòtù, ó sì sọ wọ́n di orúkọ ìṣòro. Nígbà tí Donald Faulkner, òṣìṣẹ́ ìjọba àkọ́kọ́ tí a yàn fún àbójútó àwọn ọmọ tí ń ṣìwà hù ní Èkó, dé ẹnu iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1940 sí 1949, ọ̀rọ̀ bóòmà ti wà nílẹ̀ fún un láti mú lò, òfin nípa àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ sì jáde ní 1943. Ọ̀rọ̀ ìgboro ti gba inú ìwé ìròyìn dé inú fáìlì ìjọba, òfin sì tẹ̀lé e, láìsí pé ẹnikẹ́ni bèèrè lọ́wọ́ ọmọ tí a ń pè bẹ́ẹ̀ ohun tí òun ń pe ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ka àwọn ìròyìn wọ̀nyẹn lónìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé orúkọ ni ó ń kà, orúkọ tí ẹlòmíràn sọ ni, kì í ṣe ohùn ọmọ náà.

Ọtí fi ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Nígbà tí owó orí ọtí òkèèrè ga, tí ọ̀dá owó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1929 sì gbẹ àpò ènìyàn, àwọn ará ìlú kọ́ bí a ti ń se ẹmu kí ooru rẹ̀ tutù di ọtí líle. Ìjọba ka èyí léèwọ̀ nítorí owó orí rẹ̀ ń bọ́. Ìwé ìjọba àti ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì pè é ní ọtí tí òfin kò fọwọ́ sí, orúkọ tí ó ti dá ẹjọ́ kí ẹlẹ́jọ́ tó dé. Yorùbá pè é ní ògógóró. Ní ìsàlẹ̀ Odò Ọya wọ́n pè é ní kaíkaí. Kò sí ẹ̀bi kankan nínú ògógóró. Orúkọ ọtí ni, bí ẹmu àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti jẹ́ orúkọ ọtí. Ohun kan náà ni igò náà gbé sínú, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú orúkọ méjèèjì ń sọ ojú tí aláṣẹ fi wò ó, èkejì ń sọ ojú tí ẹni tí ó sè é àti ẹni tí ó mu ún fi wò ó. Ẹni tí ó bá kọ ìtàn ọtí náà pẹ̀lú orúkọ kìíní nìkan ti gbè sẹ́yìn ìjọba, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Àwọn kan yóò dìde sí mi níbí yìí, ó sì tọ́ kí a gbọ́ wọn. Àkọ́kọ́ ni àwọn tí yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ìgboro ń ba èdè jẹ́, pé a kò gbọdọ̀ fi owó àti àkókò ṣọ́ ohun tí àgbà kò gbọdọ̀ sọ. Mo mọ ibi tí ẹ̀rù yìí ti wá. Ẹni tí èdè òyìnbó ti fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ yóò máa ṣọ́ èdè rẹ̀ kíkankíkan. Ṣùgbọ́n ẹ wo owó tí a ná. Nígbà tí owó ẹyọ ń lọ tí owó idẹ òyìnbó ń bọ̀, ọjà ni ó sọ wọ́n lórúkọ: onínì, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì, ṣílè. Kò sí alákòóso kankan tí ó jókòó gbèrò kọ́bọ̀. Orúkọ tí òyìnbó ń pe bàbà ni ọlọ́jà gbọ́, ó fi sí ẹnu Yorùbá, ó sì di orúkọ péńnì kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, nígbà tí Nàìjíríà pa pọ́n-ùn àti ṣílè tì, orúkọ tí ìjọba orílẹ̀-èdè fi sí owó kékeré rẹ̀ ni kọ́bọ̀. Ohun tí ọlọ́jà sọ ní nǹkan bí ìran mẹ́ta sẹ́yìn ni a kọ sára owó orílẹ̀-èdè. Ta ni yóò wá sọ pé ó ba èdè jẹ́? Àti pé Àjàyí Crowther pàápàá, ẹni tí gbogbo wa gbà pé ó la ọ̀nà ìwé Yorùbá, kó òwe púpọ̀ sínú ìwé atúmọ̀ rẹ̀ ti 1852; ẹnu ènìyàn ni ó ti gbọ́ wọn, kò bá wọn nínú ìwé.

Èkejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n á ní ohun tí a tẹ̀ kì í ṣe ohun tí a sọ. Olóòtú ti wẹ̀ ẹ́, ó ti gé e, ó ti yọ èyí tí ó burú jù kúrò. Òótọ́ ni. Àwọn olóòtú ìwé Yorùbá kì í ṣe ọmọ ìta. Olùkọ́ àti ọmọ ìjọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, Thomas sì ń fi Sẹ̀gilọlá wàásù fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin. Ìkìlọ̀ ni ó sọ pé ìtàn náà jẹ́. A kò lè rí ọ̀rọ̀ ìgboro tí ó burú jù nínú ìwé tí ọmọ ilé ìwé ń kà sétí ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ máa ń dín iye ohun tí a rí kù ni. Kì í sọ èyí tí a rí di irọ́. Bí ọ̀rọ̀ kan bá kọjá lábẹ́ ọwọ́ olóòtú onísìn, tí kò sì yọ ọ́, èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti tàn káàkiri débi pé kò tún dójú ti ẹnikẹ́ni mọ́. Àìsí ọ̀rọ̀ nínú ìwé kò jẹ́ ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ náà kò sí. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ lórí ìwé pẹ̀lú kì í ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó fi hàn pé kò lè kéré sí ọjọ́ orí yẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ọdún báyìí ni wọ́n dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ nítorí pé ó rí i nínú ìwé ọdún náà, ó ń sọ ju ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ lè gbé lọ.

Ẹlòmíràn yóò ní àwọn ìwé náà kò fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Lóòótọ́, ìpàdé tí a ṣe ní Èkó ní 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá ti fìdí àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ múlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìròyìn kì í sábà fi àmì sókè, bẹ́ẹ̀ sì ni èdè wa kò lè rìn láìsí ohùn. Èyí jẹ́ ìṣòro fún ọ̀rọ̀ tí ó ti kú, kò jẹ́ ìṣòro púpọ̀ fún èyí tí ó wà láàyè. Àwọn àgbà tí a bí kí òyìnbó tó lọ ṣì wà láàárín wa, wọ́n lè pe ọ̀pọ̀ nínú wọn fún wa. Wọn kò ní wà títí.

Àtakò tí ó kàn mí jù lọ ni èyí tí ó sọ pé mo ń ṣe àìtọ́ sí àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni Azikiwe, ọmọ ilẹ̀ yìí ni Macaulay, wọ́n sì jìyà fún wa ju ọ̀pọ̀ olóòtú ìwé Yorùbá lọ. Mo gbà. N kò sọ pé wọn kò fẹ́ràn ará ìlú. Ohun tí mo ń sọ ni pé èdè tí ènìyàn ń lò máa ń yan ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ fún un. Ẹni tí ń kọ Gẹ̀ẹ́sì fún òǹkàwé tí kò gbọ́ jàgùdà rí gbọ́dọ̀ ṣàlàyé rẹ̀, bí ó bá sì ti ń ṣàlàyé, ó ti dúró sí òde ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ń kọ Yorùbá kò ní láti ṣàlàyé. Ó sọ ọ́, ó sì ń lọ. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ méjì tí mo dárúkọ. Bóòmà, tí ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì àti ìjọba gbé kiri nígbà ogun, ti kúrò lẹ́nu ará Èkó. Jàgùdà, tí Yorùbá ń sọ nínú ilé àti lójà, ṣì wà títí di òní, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Èrò tèmi ni pé ìdí kan nìyí: ọ̀kan rọ̀ mọ́ òwò tí ogun dá sílẹ̀ ní etí òkun àti ìwé tí ó ròyìn rẹ̀, èkejì ní ilé nínú èdè. Ọ̀rọ̀ kan náà lè yí ìwà padà pẹ̀lú. Nínú ìtàn orin jùjú, àwọn ọ̀dọ́ Ọlọ́wọ̀gbowó ní Èkó tí wọ́n ń pàdé pẹ̀lú olórin Túndé King ní nǹkan bí 1929 ni wọ́n ń pè ní “area boys”, ìyẹn ọmọ àdúgbò, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí orúkọ náà jẹ́ ní Èkó lónìí. Ẹni tí ó bá fi ìtumọ̀ òní ka ìwé àná yóò ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ṣe iṣẹ́ yìí. Ní Ọsirélíà, ẹlẹ́wọ̀n kan, James Hardy Vaux, ti kó èdè àwọn olè jọ sínú ìwé láti 1812, a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1819. Nígbà tí Edward Morris ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ilẹ̀ náà ní 1898, ìwé ìròyìn wà lára ibi tí ó ti kó ẹ̀rí. Láti 2008 ni ilé-ìkàwé orílẹ̀-èdè wọn ti ń gbé ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹ̀rọ lè wá ọ̀rọ̀ kan kí ó sì rí ọjọ́ tí ó jáde. Bí èdè ẹlẹ́wọ̀n wọn bá tó ohun tí a ń tọ́jú, èdè ọlọ́jà àti awakọ̀ wa tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo bẹ̀ yín fún nìyí. Àwọn ìwé ìròyìn tí mo dárúkọ wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn, wọ́n wà ní ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bébà wọn ń gbó, omi àti ikán kì í sì í bọ̀wọ̀ fún ìtàn. Ẹ̀yin ẹ̀ka èdè Yorùbá ní àwọn yunifásítì wa, ẹ pín àwọn ìwé náà láàárín akẹ́kọ̀ọ́ yín ní ọdún kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ka oṣù díẹ̀, kí ó kọ ọ̀rọ̀ ìgboro tí ó bá rí, ọjọ́ tí ó jáde, ìwé tí ó ti jáde àti èdè tí ìwé náà fi kọ ọ́. Ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ náà nìkan, ẹ kọ ẹni tí ó ń sọ ọ́ àti ẹni tí a ń sọ ọ́ sí. Ẹ kó o lọ bá àwọn àgbà, kí wọ́n pè é pẹ̀lú ohùn tí ó tọ́ nígbà tí wọ́n ṣì lè pè é. Ẹ̀yin tí ẹ ní àpótí bàbá yín nílé, tí Akéde Èkó tàbí Elétí Ọfẹ wà nínú rẹ̀, ẹ má fi wé ẹja, ẹ má dáná sun ún. Ẹ gbé e wá kí a yà á, kí a sì dá a padà fún yín.